Kì í ṣe abẹ́rẹ́ ló pa wọ́n

Ẹ̀yin olóòtú wa, ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ jọ̀ọ́ ẹ bá mi gbé ọ̀rọ̀ yìí jáde torí ó ń dùn mí gan-an.

Níbi ìsìnkú kan ní Kabba níbí ni ẹnì kan ti ní òun ka rẹ́jísítà ọsibítù kan, pé àwọn ọmọ tí wọ́n gún lábẹ́rẹ́ ibà, iye tó kú nínú wọn pọ̀ ju ti àwọn tó lo oògùn oníhóró lọ, pé abẹ́rẹ́ ló ń pa ọmọ, làwọn ìyá ọmọ bá ń mirí. Nọ́ọ̀sì ni mí kí n tó fẹ̀yìntì, mo mọ ọmọ tá à ń gún lábẹ́rẹ́: èyí tí gìrì ti gbé, tí ò lè mu ọmú mọ́, tí wọ́n fi ọ̀kadà gbé wá láti oko lóru lẹ́yìn tí àgbo ti kọ̀. Èyí tó ń sáré kiri, oògùn la máa kó fún ìyá ẹ̀ kí wọ́n máa lọlé. Ṣé abẹ́rẹ́ lẹ wá kà ni àbí àìsàn?

Láàárín 2005 sí 2010 àwọn olùwádìí gba ọmọ 5,425 tí ibà ti wọ̀ lára gan-an ní orílẹ̀-èdè 9 ní Áfíríkà, Ilorin tó wà nítòsí wa yìí náà wà níbẹ̀, bí ẹni ṣẹ́ gègé ni wọ́n ṣe pín wọn, dókítà ò yan ẹni tó máa gba èwo, kí àìsàn àwọn tó wà níhà méjèèjì lè jọra. Nínú 2,712 tó gba artesunate, 230 ló kú, nínú 2,713 tó gba quinine, 297. Abẹ́rẹ́ ibà ni méjèèjì o!

Mi ò ní ká da rẹ́jísítà nù, torí kì í ṣe gbogbo oògùn la lè ṣẹ́ gègé lé lórí. Ṣùgbọ́n kí wọ́n kọ bí ọmọ ṣe rí nígbà tó dé sínú ẹ̀, bóyá gìrì ti gbé e, bí ẹ̀jẹ̀ ẹ̀ ṣe kù tó, ọjọ́ mélòó ló ti wà nílé, ká lè fi ẹni tí àìsàn wọn jọra wéra. Kí ẹni tó sọ̀rọ̀ níbi ìsìnkú yẹn padà lọ kà á báyìí.

Èyí tó tún ń bà mí nínú jẹ́ ni "wọ́n ti gbé e lọ" tá a máa ń kọ. Ọmọ tí ìdílé gbé kúrò lọ́wọ́ wa lọ sílé alágbo, tó bá kú síbẹ̀, nínú rẹ́jísítà wa kò kú. Ẹ̀yin òbí ní Iyara, Mopa, Isanlu, ẹ dákun, tẹ́ ẹ bá gbé ọmọ lọ, ẹ padà wá sọ bó ṣe rí fún àwọn nọ́ọ̀sì, ẹnikẹ́ni ò ní bá yín jà.

Èmi ni tiyín, nọ́ọ̀sì tó ti fẹ̀yìntì, Kabba