Ìwọ fúnra rẹ lè gé ṣéènì aago náà

Ọ̀rẹ́ mi àtàtà,

Mo rí lẹ́tà rẹ gbà, inú mi sì dùn pé ara yín le, pé iṣẹ́ ń lọ déédéé. Àlàáfíà ni àwa náà wà níbí. Ọ̀rọ̀ kan nínú lẹ́tà náà ni kò tíì kúrò lọ́kàn mi: pé aago tí wọ́n fi ta ọ́ lọ́rẹ ṣì wà nínú páálí rẹ̀, nítorí pé ṣéènì rẹ̀ tóbi jù, tí ojú aago sì máa ń yí lọ sábẹ́ ọwọ́ rẹ. O ní o ń wá ẹni tí yóò bá ọ gé e. Má wá ẹnikẹ́ni mọ́. O ní sùúrù, ojú rẹ sì ríran dáadáa. Ohun tí iṣẹ́ náà ń béèrè nìyẹn. Mo ti ṣe é fún ara mi àti fún ọ̀pọ̀ nínú àwọn ará ilé wa, mo sì fẹ́ràn rẹ̀ gan-an, nítorí náà jẹ́ kí n kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀ fún ọ.

Kí o tó fọwọ́ kan irinṣẹ́ kankan, wọ aago náà bó ṣe wà, kí o wá fi ìka méjì ká èyí tó pọ̀ jù nínú ṣéènì jọ lábẹ́ ọwọ́, títí tí aago yóò fi jókòó bí o ṣe fẹ́. Ohun tó wà láàárín ìka rẹ méjèèjì ni o fẹ́ yọ. Má ṣe é ní òwúrọ̀ kùtùkùtù tí òtútù ń mú, má sì ṣe é lẹ́yìn tí o bá sáré tàbí tí o gbé ẹrù. Ọrùn ọwọ́ máa ń wú díẹ̀ nínú ooru, a sì máa súnkì nínú òtútù. Ìgbà tí ara bá balẹ̀ ni kí o wọ̀n ọ́n. Tí o bá pa ṣéènì dé, orí ìka ọmọńdinrín rẹ gbọ́dọ̀ lè wọ abẹ́ rẹ̀ láìsí wàhálà. Aago lè rìn díẹ̀ lọ sókè sódò, ṣùgbọ́n kò gbọdọ̀ fo eegun ọrùn ọwọ́ kọjá bọ́ sórí ọwọ́. Àwọn kan fẹ́ kó há mọ́ wọn lára. Èmi ò fara mọ́ ọn rárá, nítorí irin kì í nà bí awọ. Èyí tó há ní òwúrọ̀ yóò ti fàmì sí ọ lára kí ilẹ̀ tó ṣú.

Lẹ́yìn èyí, yẹ ìdè rẹ̀ wò, ibi tí a ń ṣí tí a sì ń pa dé lábẹ́ ọwọ́. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀pọ̀ ìdè, wàá rí ihò wẹ́wẹ́ tó tò léra wọn. Pìnnì kan tó ní sípíríǹgì nínú ló so ṣéènì mọ́ ibẹ̀, tí orí rẹ̀ méjèèjì wọ inú ihò ẹ̀gbẹ́ méjèèjì. Fi igi ìtayín tẹ orí pìnnì náà wọlé, ṣéènì yóò tú, wàá sì sún un sí ihò tó tẹ̀ lé e. Pìnnì yìí lè ta dànù kí o tó mọ̀, kí o sì máa wá a títí ilẹ̀ yóò fi ṣú, nítorí náà ti aago àti ọwọ́ rẹ méjèèjì bọ inú ọ̀rá tó mọ́ gaara kan kí o tó tẹ̀ ẹ́. Ìwọ̀nba mìlímítà díẹ̀ ló wà láàárín ihò kan sí èkejì, bẹ́ẹ̀ sì ni ẹyọ ṣéènì kan sábà máa ń ju mìlímítà 5 lọ. Tó bá jẹ́ pé díẹ̀ báyìí ni aago fi tóbi, ó ṣeé ṣe kí iṣẹ́ parí níbẹ̀, kí o má yọ ẹyọ kankan. Àmọ́ bí ó bá hàn pé o máa yọ, gbé pìnnì náà sí ihò àárín ná, kí o tó ka iye ẹyọ. Ìyẹn ni yóò fún ọ láyè láti fẹ̀ ẹ́ tàbí láti fún un nígbàkigbà tí ojú ọjọ́ bá yí padà. Mo rò pé ìmọ̀ràn yìí wúlò ju gbogbo èyí tó kù lọ, èèyàn púpọ̀ ni kò sì mọ̀ ọ́n. Àwọn ìdè kan wà tí kò nílò irinṣẹ́ rárá. Glidelock tí Rolex ṣe sára aago àwọn òmùwẹ̀ rẹ̀ máa ń sún ní mìlímítà 2, mìlímítà 2, títí dé nǹkan bíi 20.

Wàyí o, ibi tí mo fẹ́ kí o fara balẹ̀ sí jù nìyí: mọ ohun tó di ẹyọ kan mú mọ́ èkejì kí o tó ti ohunkóhun. Àwọn tó ba ṣéènì jẹ́, agbára ni wọ́n fi ṣe é, wọ́n ń ti ohun tó yẹ kí wọ́n yí, tàbí wọ́n ń yí ohun tó yẹ kí wọ́n tì. Da ṣéènì dojú bolẹ̀, kí o wo inú rẹ̀, èyí tó máa ń kan ara. Bí o bá rí àwọn ọfà kéékèèké tí wọ́n fín sára àwọn ẹyọ kan, pìnnì ló wà nínú wọn, ibi tí ọfà dojú kọ ni pìnnì yóò sì gbà jáde. Àwọn ẹyọ tó ní ọfà nìkan ló sì ṣeé yọ. Èyí tí kò ní, fi í sílẹ̀. Bí kò bá sí ọfà, wo ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Orí roboto tó ní ìlà fífẹ̀ láàárín ni síkúrù. Ṣọ́ra níbí, torí pé pìnnì kan wà tí orí rẹ̀ kan là sí méjì, ìlà náà sì jọ ti síkúrù lójú ẹni tó bá ń kánjú. Lo díńgí tó ń mú nǹkan tóbi. Ti pìnnì máa ń tín-ín-rín, ọfà sì sábà máa ń wà nítòsí rẹ̀.

Pìnnì tó là yìí ló rọrùn jù. Ìlà náà ń jẹ́ kó fẹ̀ díẹ̀ lórí kan, òun ló fi ń há sínú ihò. Pìnnì púpọ̀ kì í fi bẹ́ẹ̀ ju mìlímítà 1 lọ ní ìbú, nítorí náà irin ṣóńṣó tí o máa fi tì í gbọ́dọ̀ tín-ín-rín jù ú lọ, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, yóò há sínú ihò náà. Gbé ṣéènì sínú àlàfo tó wà lára ike tí wọ́n ń ṣe láti fi di ṣéènì mú, kí ọfà dojú kọ ilẹ̀. Gbé irin ṣóńṣó lé orí pìnnì ní òòró gangan, kí o sì fi òòlù kékeré kàn án jẹ́jẹ́. Ó lè má mì nígbà àkọ́kọ́. Bó bá ti jáde díẹ̀ nísàlẹ̀, fi ẹ̀mú fà á yọ. Bí o bá fẹ́ dá a padà, ibi tó gbà jáde ni kí o gbà tì í wọlé, ìyẹn ni pé kí ó máa lọ lòdì sí ọfà. Orí tí kò là ni kó ṣáájú, kí èyí tó là kẹ́yìn. Tí o bá gbé èyí tó là ṣáájú, yóò máa fẹ ihò náà, kò sì ní dì mú bó ṣe yẹ mọ́.

Irú kejì nílò àkíyèsí gidi. Pìnnì rẹ̀ gún régé, kò là, kò sì há mọ́ ohunkóhun fúnra rẹ̀. Túùbù irin kékeré kan tó wà nínú ẹyọ, lọ́pọ̀ ìgbà láàárín, ló há a mú. Seiko àti Citizen lò ó lára ọ̀pọ̀ aago wọn. Bí o bá ti pìnnì jáde, túùbù yìí lè yọ bọ́ láìdún, ó sì kéré débi pé o lè rò pé ìdọ̀tí ni. Tí o bá wá kó ṣéènì pọ̀ láìsí i, pìnnì yóò wọlé wọ́ọ́rọ́wọ́, inú rẹ yóò dùn pé ó rọrùn, ó di ọjọ́ kan kí aago já bọ́ lọ́wọ́ rẹ lójú ọ̀nà. Nítorí náà, tẹ́ aṣọ funfun sórí tábìlì, kí o sì gbé abọ́ kékeré kan sẹ́gbẹ̀ẹ́. Gbàrà tí pìnnì bá jáde, gbọn ẹyọ náà sórí abọ́, kí o wo inú ihò àárín. Kí o rí túùbù náà kí o tó bọ́ sí ẹyọ mìíràn. Nígbà tí o bá ń dá a padà, túùbù ni kó kọ́kọ́ jókòó sínú ihò rẹ̀, kí pìnnì tó wọ inú rẹ̀. Ó gbọdọ̀ le díẹ̀ bó ṣe ń wọlé. Bí kò bá le, nǹkan kan kù.

Ti síkúrù, òun ni mo fẹ́ràn jù, nítorí kò sí òòlù nínú rẹ̀. Ohun tó ṣe pàtàkì ni pé kí ẹnu sikúrúdíráfà rẹ kún ìlà orí síkúrù náà dáadáa. Èyí tó kéré jù yóò yọ̀, yóò sì ha irin. Ilé iṣẹ́ sábà máa ń fi àtè sí i kó má baà tú fúnra rẹ̀. Bí kò bá gbọ́, ki ṣéènì nìkan bọ omi gbígbóná fún ìgbà díẹ̀, tàbí kí o fi ẹ̀rọ tó ń gbẹ irun fẹ́ ooru sí i, kí àtè náà rọ̀. Tú ṣéènì kúrò lára aago ná o, má ri aago fúnra rẹ̀ sínú omi gbígbóná láéláé. Nígbà tí o bá ń dá síkúrù padà, ẹ̀kán àtè kékeré kan, bí èyí tó lè dúró lórí ẹnu abẹ́rẹ́, ti tó. Loctite 222 tí àwọ̀ rẹ̀ jẹ́ ti àlùkò ni kí o wá, torí pé fún síkúrù kéékèèké ni wọ́n ṣe é, a sì tún lè tú u. Má lo èyí tó le jù.

Ní ti ẹ̀gbẹ́ tí wàá ti yọ ọ́: ohun tí à ń wá ni kí ìdè wà ní agbedeméjì abẹ́ ọrùn ọwọ́, ní ìdojúkọ ojú aago. Bí ẹyọ méjì bá pọ̀ jù, yọ ọ̀kan ní apá ibi tí nọ́ńbà 12 wà, ọ̀kan ní apá nọ́ńbà 6. Bí ó bá jẹ́ mẹ́ta, yọ ọ̀kọ̀ọ̀kan ná, wọ̀ ọ́, kí o sì wo ibi tí ìdè tẹ̀ sí. Lórí ọwọ́ òsì, bí ìdè bá tẹ̀ sápá àtàǹpàkò, ẹ̀gbẹ́ nọ́ńbà 6 ló kúrú jù, nítorí náà ẹ̀gbẹ́ nọ́ńbà 12 ni kí o ti yọ ẹ̀kẹta. Má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún ọ pé ẹ̀gbẹ́ méjèèjì gbọ́dọ̀ dọ́gba ní iye. Ọwọ́ rẹ ni kó pinnu.

Kọ́kọ́ fọ ṣéènì náà pẹ̀lú omi lílọ́wọ́ọ́wọ́, ọṣẹ díẹ̀ àti búrọ́ọ̀ṣì rírọ̀, bí ẹnì kan bá ti lò ó rí. Ìdọ̀tí àti òógùn tó gbẹ sínú ihò lè di pìnnì mú gírígírí. Bí pìnnì bá ṣì kọ̀, kán òróró díẹ̀ sí i kí o sì fi í sílẹ̀ di ọjọ́ kejì. Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́, ohun tí a bá fi agbára mú ní í le koko. Lẹ téèpù pépà mọ́ ẹ̀gbẹ́ aago àti ìdè pẹ̀lú, nítorí irin tí kì í dógùn-ún náà máa ń ha, títáníọ̀mù sì tètè ń ha jù ú lọ.

Bó bá jẹ́ pé sẹ̀rámíìkì ni ṣéènì náà, jọ̀wọ́ má kan òòlù mọ́ ọn rárá. Ó le, kì í tètè ha, ṣùgbọ́n ó lè fọ́ bí ìgbà tí àwo bọ́ lulẹ̀. Ìyẹn nìkan ni mo lè ní kí o gbé lọ fún oníṣẹ́. Ti onírin híhun wẹ́wẹ́ kò ní ẹyọ tí a ń yọ, ìdè rẹ̀ nìkan ni a ń sún.

Tí o bá parí, fi ìka ra ẹ̀gbẹ́ méjèèjì. Pìnnì kankan kò gbọdọ̀ yọrí síta, torí yóò fa aṣọ ya, yóò sì ha ọ lára. Di orí ṣéènì méjèèjì mú, fà á díẹ̀ lórí ibùsùn, kí o tẹ̀ ẹ́ síhìn-ín sọ́hùn-ún. Wọ̀ ọ́ nínú ilé fún ọjọ́ díẹ̀, kí o sì tún yẹ àwọn pìnnì wò kí o tó wọ̀ ọ́ jáde. Di àwọn ẹyọ tí o yọ, pẹ̀lú pìnnì àti túùbù wọn, sínú ọ̀rá kékeré, kó wà nínú páálí aago náà. Ara lè sanra lọ́la, o sì lè fẹ́ fi aago náà fún ọmọ rẹ tí ọwọ́ rẹ̀ tóbi ju tìrẹ lọ. Ó ṣòro kéèyàn rí ẹyọ tó bá a mu gẹ́lẹ́ lẹ́yìn ọdún púpọ̀.

Kí o tó bẹ̀rẹ̀, ya fọ́tò inú ṣéènì náà àti ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ nínú ìmọ́lẹ̀ tó dára, kí o fi ránṣẹ́ sí mi. Mo fẹ́ rí bóyá ọfà wà níbẹ̀, àti irú orí tí pìnnì rẹ̀ ní. Bí túùbù bá wà nínú rẹ̀, a óò jọ sọ̀rọ̀ lórí fóònù nígbà tí o bá ń ṣe é. Bá mi kí gbogbo ará ilé.

Èmi ni,
Ọ̀rẹ́ rẹ tòótọ́.