Dèjì, Sátidé wa ti di Fúráìdé

Dèjì ọmọ ìyá mi,

Ṣé òtútù Toronto ò tíì pa ẹ́? Àárò ẹ ń sọ mí o, àmọ́ kì í ṣe tìyẹn ni mo bá wá. Wẹ́bsáìtì họ́ọ̀lù Àǹtí ẹ n'Ísàlẹ̀ Èkó ti dá wàhálà sílẹ̀. Àwọn kan mú Sátidé, ọjọ́ 14 oṣù kẹfà, fún ìgbéyàwó, wọ́n sanwó pé, database, ibi tí wẹ́bsáìtì ń kó àkọsílẹ̀ sí, wá lọ kọ 2025-06-13. Àǹtí wo Sátidé, ó ṣófo, ni wọ́n bá gbé e fún baba kan ní ṣọ́ọ̀ṣì wọn tó fẹ́ ṣe àádọ́rin ọdún. Òde méjì, họ́ọ̀lù kan!

Mo kọ́kọ́ fura sí getMonth, àṣẹ kọ̀ǹpútà tó máa ń ka oṣù kìn-ín-ní sí 0, tó fojú wa rí màbo lọ́jọ́sí. Kì í ṣe òun, oṣù pé, ọjọ́ ló fi ẹyọ kan dín. Mo jókòó tì í di ìdájí, wọ́n múná lọ lẹ́ẹ̀mejì, jẹnẹrétọ̀ ará ilé ń ké létí mi, console.log tí mo fi ń wá àṣìṣe kún gbogbo ojú kọ̀ǹpútà, kí n tó kan ìlà tí ìwọ ọ̀gá kọ: toISOString, àṣẹ tó ń yí ọjọ́ sí UTC, aago àjùmọ̀lò gbogbo ayé, o wá mú àmì mẹ́wàá àkọ́kọ́ nìkan níbẹ̀. Ha! Agogo méjìlá òru tí Sátidé ń bẹ̀rẹ̀ l'Ékòó, mọ́kànlá alẹ́ Fúráìdé ló ṣì jẹ́ ní UTC. Lọ́dọ̀ tiyín ẹ wà lẹ́yìn UTC, Sátidé ò ní di Fúráìdé, ìdí tó fi ṣiṣẹ́ fún ẹ nìyẹn tó o ní kí n gbé e sókè.

Ó kù díẹ̀ kí n kàn fi ọjọ́ kan kún un kí n lọ sùn, àmọ́ tẹ́nì kan bá gbà á láti ọ̀dọ̀ yín, Sọ́ńdé ló máa bọ́ sí. Mo ti yọ toISOString dànù, getFullYear, getMonth tí mo fi 1 kún, àti getDate ni mo fi ń tò ó báyìí, aago ibi tí ẹni náà wà ni wọ́n ń wò.

Ìyàwó Gbénga bí ìbejì, mo ti kó lọ sí Bariga.

Àǹtí ò gbé fóònù mi mọ́ o. Mo dé ọ̀hún lánàá, wọ́n ní wọ́n ń sùn, mo sì ń gbóhùn wọn. Jọ̀ọ́, bá mi pè wọ́n, kí wọ́n bẹ baba yẹn kó gbé tiẹ̀ sí Sọ́ńdé, ó ṣófo, mo wò ó lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Àti pé nẹ́tíwọ́ọ̀kì ni mo pè é fún wọn, torí náà tí wọ́n bá bi ẹ́, nẹ́tíwọ́ọ̀kì ni o.

Èmi ni,
Kúnlé