Àbẹ̀kẹ́, Má Fọ́ Ère Mọ́

Àbẹ̀kẹ́ mi,

Mo pè ọ́ láàárọ̀, mo pè ọ́ lálẹ́, o kò gbé e. Ọmọ Ìyá Ìbejì ló wá sọ fún mi pé o mú òòlù, o fọ́ ère obìnrin tí o fi amọ̀ mọ, nítorí olùkọ́ kan ní ọwọ́ ère náà tóbi ju orí rẹ̀ lọ. Ṣé òótọ́ ni? Ọkàn mi kò balẹ̀ láti ìgbà náà.

Ẹsẹ̀ bàbá rẹ tó wú ti lọ sílẹ̀, ó ti ń rìn. A ti kórè àgbàdo. Owó rẹ́sìn àti fáíbà tí o fi ń ṣe ère, èyí tí o béèrè, yóò wọlé lọ́jọ́ Ẹtì. Má fi ra nǹkan mìíràn. Tí o bá sì ń fi sáńpépà ha fáíbà, jọ̀ọ́, fi nǹkan bo imú, eruku yẹn ò dára.

Ṣùgbọ́n ère yẹn, kí ló dé tí o fi fọ́ ọ? Wo ère àwọn baba wa: orí nìkan máa ń gba nǹkan bí ìdámẹ́rin gbogbo ara. Ṣé wọn ò mọ bí ènìyàn ṣe rí ni? Wọ́n mọ̀. Orí ni wọ́n fẹ́ kí ojú kọ́kọ́ rí. Ọlọ́wẹ̀, agbẹ́gilére ará Ìsẹ̀, gbẹ́ òpó fún ààfin Ògògà, ọba Ìkẹ́rẹ́, láàárín 1910 sí 1914. Ọba jókòó, olorì dúró lẹ́yìn rẹ̀, olorì sì ga fíofío ju ọba lọ. Ta ló ní kí Ọlọ́wẹ̀ lọ fọ́ ọ?

N kò ní kí o má gbọ́ ti olùkọ́ o. Ilé agbẹ́gilére ni wọ́n bí Lamidi Fakeye sí ní Ìlá Ọ̀ràngún, síbẹ̀ ó tún lọ kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ Bándélé ọmọ Àrèògún. Ó ti ṣe ti ọ̀gá dójú àmì kí tirẹ̀ tó jáde. Nígbà tó gbẹ́ Odùduwà tó wà ní Yunifásítì Ifẹ̀ ní 1987, ó ti dàgbà. Ìwọ ń kánjú.

Láti kékeré, tí o bá ti fi ṣọ́ọ̀kì yàwòrán sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ọwọ́ ni o kọ́kọ́ ń yà, ọwọ́ ńlá. Ẹnikẹ́ni kò kọ́ ọ. Ohun tí ọwọ́ rẹ ń ṣe léraléra láìrán an ni kí o máa ṣọ́. Tí o bá ń fọ́ wọn, báwo ni wàá ṣe tò wọ́n jọ kí o rí i?

Ìpetumodù ni ìyá mi ti mọ ìkòkò, àwọn oníbàárà ò sì níláti béèrè èyí tó jẹ́ tirẹ̀ lọ́jà. Èmi jókòó ti amọ̀ díẹ̀, mo ní ó ń ba èékánná mi jẹ́, mo lọ ń ta aṣọ. Mo rówó níbẹ̀, mo dúpẹ́. Ṣùgbọ́n n kò mọ bí ìkòkò tèmi ì bá ṣe rí, ó sì ń dùn mí títí dòní. Àbẹ̀kẹ́, má fọ́ ère mọ́.

Kó àfọ́kù náà pamọ́. Mò ń bọ̀ ní Sátidé, mo fẹ́ fojú ara mi rí ọwọ́ yẹn. Jẹun kí o tó lọ síbi iṣẹ́. Kí o sì pè mí lónìí, aláìgbọràn ọmọ.

Èmi ni,
Ìyá rẹ