Ẹ fi òru sílẹ̀ fún àwọn tó ń tún ojú irin London ṣe

Sí Olóòtú,

Mo ka lẹ́tà òǹkàwé yín kan tó béèrè ìdí tí ọkọ̀ ojú irin abẹ́ ilẹ̀ London kì í fi í rìn mọ́jú, nígbà tí ti New York ń rìn tọ̀sán tòru. Ó ní ìwà ọ̀lẹ ni, ó sì ní àwọn ọmọ Yorùbá tó ń ṣiṣẹ́ ìmọ́tótó, iṣẹ́ ọdẹ àti iṣẹ́ ìtọ́jú arúgbó ni ìyà rẹ̀ ń jẹ jù. Apá kejì ọ̀rọ̀ yìí yé mi dáadáa. Èmi náà wà lára àwọn tó ń dúró de bọ́ọ̀sì òru ní Peckham nígbà tí àwọn aládùúgbò ṣì ń hanrun. Àwa kò tilẹ̀ ní ibùdókọ̀ abẹ́ ilẹ̀ kankan, nítorí pé Elephant and Castle ni ọ̀nà Bakerloo, ọ̀kan lára àwọn ọ̀nà ọkọ̀ abẹ́ ilẹ̀ náà, ti dúró sí láti ọdún 1906. Ṣùgbọ́n n kò gbà pé ọ̀lẹ ni àwọn tó ń bójú tó ọkọ̀ náà. Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà ju èje lọ.

Ẹni tó bá ń gba ọ̀nà Central kọjá láàárín Bethnal Green àti Liverpool Street á mọ̀ pé irin máa ń han níbẹ̀ débi pé ẹni méjì tó fara kanra lórí ìjókòó kò ní gbọ́ ohùn ara wọn. Bí ẹsẹ̀ ọkọ̀ ṣe ń yí lórí irin láti àárọ̀ dalẹ́ ni irin náà ń di gbágungbàgun, pàápàá níbi tí ọ̀nà bá ti tẹ̀, ẹ̀rọ ni wọ́n sì fi ń lọ̀ ọ́ kó lè padà dán. Wọn kò lè ṣe irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ lọ́sàn-án. Irin mẹ́rin ni ojú irin London ní: méjì ni ẹsẹ̀ ọkọ̀ ń tẹ̀, méjì yòókù ni iná mànàmáná ń gbà, iná tó lé ní 600 fólítì. Ní nǹkan bí aago kan òru ni wọ́n ń pa iná yìí, wọ́n sì gbọ́dọ̀ tàn án padà kí ọkọ̀ àkọ́kọ́ tó jáde ní nǹkan bí aago márùn-ún ìdájí. Níwọ̀n ìgbà tí iná bá ti kú, bátìrì ni ọkọ̀ tó ń kó irin àti òkúta wọlé fi ń rìn. Àwọn kan á máa fẹsẹ̀ rìn nínú ihò náà pẹ̀lú tọ́ọ̀ṣì, kí wọ́n lè yẹ irin wò. Àwọn mìíràn á máa gbá irun orí, eruku àti èépá awọ tó ń já bọ́ lára àwa èrò. (Ẹ má ṣe rẹ́rìn-ín, irun wa pọ̀ níbẹ̀.) Kí iná tó padà dé, wọ́n gbọ́dọ̀ rí i dájú pé gbogbo ènìyàn ti jáde, kò sì sí sípánà kankan tó kù sílẹ̀. Wákàtí mẹ́rin tí a ń kà sí wọn lọ́rùn yìí kì í pé mẹ́rin rárá.

Bí ẹnikẹ́ni bá rò pé gbígbá ìdọ̀tí jẹ́ iṣẹ́ kékeré, kó rántí ibùdókọ̀ King's Cross. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ 18 oṣù Kọkànlá ọdún 1987, iná sọ lábẹ́ àtẹ̀gùn ẹlẹ́rọ kan tí wọ́n fi igi ṣe, èyí tó ń gbé èrò gòkè láti ọ̀nà Piccadilly, ènìyàn 31 sì bá a lọ. Wọ́n ti fòfin de sìgá mímu nínú àwọn ibùdókọ̀ abẹ́ ilẹ̀ láti ọdún 1985, àmọ́ ó ti di àṣà àwọn èrò láti máa ṣáná sí sìgá bí wọ́n bá ti ń gun àtẹ̀gùn jáde. Ìwádìí tí ìjọba ṣe sọ pé ó jọ pé igi ìṣáná kan ló bọ́ gba àlàfo ẹ̀gbẹ́ àtẹ̀gùn náà, tó lọ bá gírísì àti ìdọ̀tí tí wọn kò gbá dáadáa láti ọjọ́ pípẹ́. Ibi tí ojú èrò kò tó ni ikú ti wá. Lẹ́yìn ìyẹn ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í yọ àwọn àtẹ̀gùn onígi kúrò nínú àwọn ibùdókọ̀, títí tó fi kan ti ibùdókọ̀ Greenford tó kẹ́yìn gbogbo wọn ní ọdún 2014.

Ní ti New York, òótọ́ ni pé ọkọ̀ wọn ń rìn mọ́jú, ṣùgbọ́n ní ọ̀pọ̀ ibẹ̀, ọ̀nà mẹ́rin ló wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, méjì fún ọkọ̀ tó ń dúró ní gbogbo ibùdókọ̀, méjì fún èyí tó ń fo àwọn kan. Bí wọ́n bá ti apá kan, wọ́n á darí ọkọ̀ gba apá kejì. Ihò méjì péré ni ọ̀pọ̀ ọ̀nà tó jìn lábẹ́ London ní, ọ̀kan fún àlọ, ọ̀kan fún àbọ̀. Kò síbi tí ọkọ̀ fẹ́ yà sí. New York pàápàá ní láti ti ibùdókọ̀ rẹ̀ fún wákàtí díẹ̀ lóru láti oṣù Karùn-ún ọdún 2020 títí di oṣù Karùn-ún ọdún 2021, kí wọ́n lè ráyè fọ ọkọ̀ nígbà àjàkálẹ̀ Covid. Láti ọdún 2016 ni London náà ti ń gbé èrò mọ́jú ní òru Jímọ̀ àti Sátidé lórí àwọn ọ̀nà kan, bó tilẹ̀ jẹ́ pé Covid dá a dúró fún ìgbà díẹ̀. Mo fara mọ́ òru méjì yẹn. Ṣùgbọ́n bí a bá gba òru méjèèje lọ́wọ́ ètò tí ọkọ̀ ọdún 1972 ṣì ń gbé èrò lórí ọ̀nà Bakerloo rẹ̀, a ó kàn sọ ìyà òru di ìyà ọ̀sán ni, nítorí ọkọ̀ á máa kọṣẹ́ nígbà tí èrò pọ̀ jù.

Bọ́ọ̀sì òru ló yẹ ká jọ béèrè lọ́wọ́ Mayor London, kó pọ̀ láàárín aago mẹ́ta sí aago márùn-ún ìdájí, kó má ṣe jẹ́ pé bí ọ̀kan bá ti sá ẹni kọjá, owó iṣẹ́ ọjọ́ náà ti dínkù nìyẹn.

Ó ku ti ìparí ọ̀sẹ̀. Iṣẹ́ ńlá bíi pípààrọ̀ irin kò ṣeé parí láàárín òru kan, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi máa ń ti apá ọ̀nà kan ní Sátidé àti Sọ́ńdè. Ọjọ́ òde tiwa gan-an sì nìyẹn. Ẹni tó ti wé gèlè tán láti lọ sí ìnáwó ní Edgware tàbí Barking á ṣàdédé bá ara rẹ̀ nínú bọ́ọ̀sì àfirọ́pò, gèlè á sì ti wọ́ kó tó débẹ̀. Wọ́n máa ń kéde rẹ̀ ṣáájú lórí íntánẹ́ẹ̀tì, àmọ́ ọ̀pọ̀ àwọn ìyá wa kì í débẹ̀, ìwé ìròyìn yín ni wọ́n ń kà. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fún wa ní igun kékeré kan lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, kí a máa tẹ àwọn ọ̀nà tí wọ́n fẹ́ tì síbẹ̀ lédè Yorùbá. Bí ẹ kò bá ní òṣìṣẹ́ tí yóò máa kó o jọ, mo ṣe tán láti máa ṣe é lọ́fẹ̀ẹ́, kí n sì máa fi í ránṣẹ́ sí yín kí ọjọ́ títẹ ìwé tó pé.

Èmi ni òǹkàwé yín,
Peckham, London