Agbára ìdìmú ni ká wò lára kọnẹ́tọ̀, kì í ṣe dídán

Sí Olóòtú,

Bí kọnẹ́tọ̀, ìyẹn irin kékeré tó ń so wáyà iná pọ̀, bá jóná, ohun tí àwọn èèyàn sábà máa ń sọ ni pé irin rẹ̀ fẹ́lẹ́ jù, tàbí pé ohun tí wọ́n fi bò ó ti ṣí. Ó lè rí bẹ́ẹ̀ lóòótọ́. Àmọ́ lójú àwa tí iṣẹ́ wa jẹ́ títẹ kọnẹ́tọ̀ jáde lára irin pẹlẹbẹ, ohun tó yẹ ká kọ́kọ́ wò ni bóyá ètè irin tó ń fún píìnì (ọ̀pá tín-ín-rín tí wọ́n ń kì bọ inú rẹ̀) mọ́ra ṣì lágbára. Bí ètè yẹn bá ti dẹ̀, iná kò ní rí ọ̀nà kọjá dáadáa mọ́. Iná ámípíà 10 tó ń gba ojú tí ìdènà rẹ̀ jẹ́ mílíómù 1 kọjá, ooru wáàtì 0.1 ló ń mú wá. Kí ìdènà náà di mílíómù 10, ó di wáàtì 1 nìyẹn, lórí ojú tó kéré jọjọ. Ooru á mú irin dẹ̀, dídẹ̀ irin á tún fa ooru sí i.

Ọ̀pọ̀ ló ń yan idẹ, ìyẹn bàbà 70 àti síǹkì 30 nínú ọgọ́rùn-ún, torí pé kò wọ́n, ó sì ń gbé iná tó bí ìdá 28 nínú ọgọ́rùn-ún èyí tí bàbà gidi ń gbé. Kò burú níbi tó tutù. Níbi tí ooru bá ti ń sún mọ́ 100°C fún ìgbà pípẹ́, idẹ kì í lè di nǹkan mú mọ́. Phosphor bronze, àdàlù bàbà tó ní tánńganran (tin) bí ìdá 5 nínú ọgọ́rùn-ún, kì í gbé ju nǹkan bí ìdá 15 nínú ọgọ́rùn-ún lọ, síbẹ̀ òun ni ká lò níbẹ̀. Beryllium copper, ìyẹn bàbà tí wọ́n po beryllium díẹ̀ mọ́, dára ju méjèèjì lọ, ṣùgbọ́n ó wọ́n, eruku rẹ̀ sì léwu fún ẹ̀dọ̀fóró.

Irin tó dára náà lè bàjẹ́ lórí ẹ̀rọ. Bí wọ́n ṣe fi ẹ̀rọ yí irin di pẹlẹbẹ, ó ní ìlà nínú bí igi. Bí ìtẹ̀ bá bá ìlà yẹn lọ, ẹ̀yìn ibi tí a tẹ̀ á sán. Kí ìtẹ̀ dábùú rẹ̀, tàbí ó kéré tán kó gbà á ní ìwọ̀n dígírì 45. A sì gbọ́dọ̀ tẹ̀ ẹ́ kọjá ibi tí a fẹ́, torí yóò padà díẹ̀. Àlàfo láàárín páǹṣì (irin tó ń gé láti òkè) àti dáì (ihò tó ń wọ̀ ní ìsàlẹ̀), ìdá 5 sí 10 nínú ọgọ́rùn-ún ìnípọn irin ní ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan: fún irin mìlímítà 0.3, ìyẹn jẹ́ 0.015 sí 0.03. Nígbà tí ẹnu páǹṣì bá kú, etí irin á máa yọ ìṣẹ́pá mímú, ìyẹn ẹ̀gún irin kéékèèké. Kí ẹni tó ń ya àwòrán kọnẹ́tọ̀ ti pinnu láti ìbẹ̀rẹ̀ pé ìṣẹ́pá náà kò ní kọjú sí píìnì, nítorí yóò máa họ ohun tí wọ́n fi bò ó.

Ní ti bíbò, ẹ má ṣe jẹ́ kí wúrà àti tánńganran pàdé. Wúrà fẹ́ nickel lábẹ́, kó nípọn tó máíkírọ́ọ̀nù 1.25 ó kéré tán (máíkírọ́ọ̀nù kan jẹ́ ìdá kan nínú ẹgbẹ̀rún mìlímítà), kí bàbà má bàa wọ inú rẹ̀ jáde sí òkè. Tánńganran ní tirẹ̀ fẹ́ agbára ìdìmú bíi níútọ̀nù 1. Bí kò bá tó bẹ́ẹ̀, gbígbọ̀n díẹ̀díẹ̀ á máa lọ̀ ọ́ di ìyẹ̀fun dúdú tí kò gbé iná. Ẹni tó bá bo irin kó tó gé e náà gbọ́dọ̀ gbà pé ojú ibi tí wọ́n gé yóò wà ní ìhòòhò.

Wáyà ló kù. Ẹ má fi léèdì (irin rírọ̀ tí wọ́n ń yọ́ fi jó wáyà pọ̀) jo ó pọ̀ kẹ́ ẹ tó fi ètè kọnẹ́tọ̀ fún un pa: léèdì máa ń rọ̀ lábẹ́ ìfúnpá, ìdìmú á sì tú. Gíga ibi tí ẹ fún náà, màíkírómítà, ìyẹn irinṣẹ́ tó ń wọn ohun tó kéré gan-an, ni kẹ́ ẹ fi wọ̀n ọ́, kì í ṣe ojú. Bó bá ga jù, wáyà á fà yọ. Bó bá rẹlẹ̀ jù, okùn rẹ̀ á gé sínú.

Àwa, òṣìṣẹ́ títẹ kọnẹ́tọ̀