Sí Àjàní, ọmọ mi tó ń kọ́ṣẹ́ ìtẹ̀wé

Àjàní ọmọ mi,

Ṣé àlàáfíà lo wà? Bá mi kí ọ̀gá rẹ àti gbogbo àwọn tí ẹ jọ wà lẹ́nu iṣẹ́ ní Ṣómólú. Bàbá rẹ ní kí n kí ọ.

Ọ̀rọ̀ tí o sọ lórí fóònù ló jẹ́ kí n kọ̀wé yìí. O ní Benjamin Franklin kò lọ yunifásítì, iṣẹ́ ìtẹ̀wé lòun náà kọ́, síbẹ̀ ó di èèyàn ńlá ní Amẹ́ríkà. Òótọ́ ni. Josiah bàbá rẹ̀, tó ń ṣe àbẹ́là àti ọṣẹ ní Boston, bí ọmọ 17. Ọdún méjì péré ni Franklin lò nílé ìwé. Ọmọ ọdún 12 ni nígbà tí wọ́n fi í sẹ́nu iṣẹ́ lọ́dọ̀ James ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Ṣùgbọ́n o kò sọ ohun tó ń ṣe tí wọ́n bá ti ṣíwọ́ iṣẹ́.

Yóò mú ìwé ìròyìn Lọ́ńdọ̀nù kan tí èdè inú rẹ̀ dùn mọ́ ọn. Á ka àròkọ kan, á kọ kókó gbólóhùn kọ̀ọ̀kan sílẹ̀ ní ṣókí, á sì pa ìwé náà tì fún ọjọ́ mélòó kan. Lẹ́yìn náà ni yóò fi ọ̀rọ̀ ara rẹ̀ tún un kọ láìwò ó. Tó bá parí, á gbé méjèèjì síra, á wá àṣìṣe tirẹ̀, á sì tún un ṣe. Nígbà mìíràn á sọ àròkọ di ewì, kó má baà máa pọ́n ọ̀rọ̀ lá, á tún dá a padà sí àròkọ. Kò sí tíṣà tó dúró tì í. Nígbà tó di ọmọ ọdún 16, ó jáwọ́ nínú ẹran jíjẹ, ó ní kí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ fún òun ní ìdajì owó oúnjẹ òun. Nínú ìdajì yẹn náà ló tún ti ń ṣẹ́ owó ìwé kù. Bí àwọn yòókù bá lọ jẹun, á jókòó ti búrẹ́dì àti omi, á máa kàwé.

Ní 1722, ó fi orúkọ opó kan tí kò sí, Silence Dogood, kọ lẹ́tà, ó sì rọra tì í sábẹ́ ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù lóru. James àti àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ kà á, wọ́n ń yìn ín, wọ́n ń dárúkọ àwọn ọ̀mọ̀wé ìlú pé bóyá àwọn ló kọ ọ́. Ọmọ iṣẹ́ wọn wà níbẹ̀, ó ń gbọ́. Lẹ́tà 14 ni wọ́n tẹ̀ jáde nínú ìwé ìròyìn James.

Ọdún kejì ló sá lọ sí Philadelphia láìgba fúrídọ̀ọ̀mù. Èyí ni kí o má ṣe kọ́ lára rẹ̀ o! Níbẹ̀ ló ti di onílé ìtẹ̀wé àti oníwèé ìròyìn. Ní 1731, òun àti ẹgbẹ́ rẹ̀ dáwó dá ilé ìkàwé sílẹ̀. Ó ṣe irin ṣóńṣó tí wọ́n ń gbé sórí ilé kí àrá má baà jó o, ó sì ṣe ààrò tuntun kan, ṣùgbọ́n ó kọ̀ láti gba ẹ̀tọ́ pé òun nìkan ni yóò máa tà á. Ní 1778, ó wà lára àwọn tó bá Faransé dá májẹ̀mú tó ran Amẹ́ríkà lọ́wọ́ nínú ogun òmìnira rẹ̀.

Àjàní, n kò ní fi èyí pamọ́ fún ọ: ó ní ẹrú. Ìwé ìròyìn rẹ̀ ń gba ìpolówó àwọn tó ń ta èèyàn bíi tiwa. Ó dùn mí nígbà tí mo gbọ́. Ìgbà tó darúgbó ló tó di olórí ẹgbẹ́ tó ń tako òwò ẹrú ní Pennsylvania, ní 1787. Ní February 1790, ó fọwọ́ sí ìwé ẹ̀bẹ̀ sí Kọ́ńgírẹ́ẹ̀sì pé kí wọ́n fòpin sí i; ní April ló kú, lẹ́ni ọdún 84. Ó pẹ́ kó tó rí àṣìṣe náà, àwọn tó jìyà rẹ̀ kò sì lè dúró dè é.

Nínú ìwé tí ẹ bá ń tẹ̀ lọ́sẹ̀ yìí, mú ojú ewé kan, kí o ṣe é bó ṣe ṣe é. Fi èyí tí o kọ ránṣẹ́ sí mi lórí WhatsApp, àtàṣìṣe àtàtúnṣe. Owó fọ́ọ̀mù JAMB ọdún tó ń bọ̀ ti wà nílẹ̀, èmi àti bàbá rẹ la jọ tọ́jú ẹ̀.

Èmi ni,
Ìyá rẹ