Ẹ jẹ́ kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wá, àmọ́ kí wọ́n pẹ́ díẹ̀ kí wọ́n tó dé

Sí Olóòtú,

Ẹ kú iṣẹ́ ìròyìn o. Mo ka lẹ́tà tí ẹnì kan kọ láti Ìlọrin, tó ní kí àwọn ilé-ìwé gíga yéé kó akẹ́kọ̀ọ́ wá sí ìlú tí ìjì tàbí omíyalé bá ti ṣọṣẹ́, pé fọ́tò ni wọ́n ń wá yà, wọn kì í wá ṣiṣẹ́. Mi ò lè ní ó parọ́. Ṣùgbọ́n ó jọ pé àwọn tó kọ́kọ́ dé ló rí, kò dúró de àwọn tó ń bọ̀ lẹ́yìn. Káfíńtà ni mí ní Òmù-Àrán, òrùlé ni mo fi ń jẹun, mo sì ti bá irú àwọn méjèèjì pàdé.

Ẹni tó bá ń gbé Kwara mọ ìjì òjò àkọ́rọ̀. Láàárín oṣù Kẹta sí oṣù Kẹrin, ooru á mú títí tí ènìyàn ò ní lè sùn nínú yàrá. Tó bá wá di ọjọ́ kan lọ́wọ́ ìrọ̀lẹ́, ojú ọ̀run á ṣú láti ìlà-oòrùn, atẹ́gùn á sì ṣáájú òjò dé. Kì í pẹ́. Kí ẹni tó sá aṣọ tó ká a wọlé, páànù ilé rẹ̀ ti bọ́ sí oko ẹlòmíràn. Àwọn ènìyàn á wá ní káfíńtà ló lo ìṣó burúkú. Ẹ lọ wo páànù náà níbi tó bọ́ sí: ìṣó wà lára rẹ̀ digbí, igi sì wà lára ìṣó. Gbogbo òrùlé ló gbéra pọ̀. Atẹ́gùn gba abẹ́ etí òrùlé wọlé, ó tì í láti ìsàlẹ̀, kò sì sí nǹkan kan tó so igi tó sùn lórí ògiri mọ́ bulọ́ọ̀kù. Owó irin pẹlẹbẹ tí à bá fi dè é kò tó nǹkan, àmọ́ onílé á ní kí a fò ó, kí owó lè tó ra páànù aláwọ̀.

Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tí ẹni yẹn ń sọ, èmi náà rí wọn ní abúlé kan nítòsí wa. Ọ̀sẹ̀ tí ìjì jà gan-an ni wọ́n dé, tàwọn ti ẹ̀wù kan náà tí wọ́n kọ orúkọ ẹgbẹ́ wọn sí láyà. Sílípáàsì ló wà lẹ́sẹ̀ àwọn mìíràn nínú wọn, lórí ilẹ̀ tí ìṣó ti dojú sókè káàkiri. Wọ́n gbé ìrẹsì sílẹ̀ fún baálẹ̀, wọ́n ní kí màmá àgbà kan dúró níwájú ilé rẹ̀ tí kò lórí mọ́, wọ́n sì yà á. Ọ̀kan nínú wọn tiẹ̀ ní kí màmá má rẹ́rìn-ín. Ilẹ̀ ò tíì ṣú tí wọ́n fi lọ.

Àwọn kejì dé nígbà tí ilé-ìwé tiwọn gba ìsinmi, lẹ́yìn tí tápólì tí wọ́n fi bo ilé màmá yẹn ti gbó, tí gbogbo ayé sì ti gbàgbé ibẹ̀. Wọn ò pọ̀. Olùkọ́ wọn ti wá rí baálẹ̀ ṣáájú, baálẹ̀ ló ní kí wọ́n wá bá mi. Mo sọ fún wọn pé kò sí ẹni tó máa gun òrùlé. Àwọn ọmọkùnrin kan fajú ro, àmọ́ wọ́n gbà. Ìṣó yíyọ ni iṣẹ́ tí mo gbé fún wọn.

Ẹ má fojú kéré rẹ̀ o. Lára igi tí ìjì bá gbé lọ, púpọ̀ ló ṣì dára. Ṣùgbọ́n káfíńtà kan ò ní jókòó máa yọ ìṣó lára igi àlòkù, nítorí kò sẹ́ni tó ń sanwó rẹ̀. Ó rọ̀ ọ́ lọ́rùn kó ní kí onílé ra igi tuntun. Onílé tí kò lówó á sì fi àlòkù dáná. Abẹ́ igi máńgòrò ni àwọn ọmọ yìí jókòó sí. Ọmọbìnrin kan wà láàárín wọn tó ń kọ́ ìṣirò owó, kò fọwọ́ kan hámà rí. Nígbà tó yá, mo rí i tó fi àpólà igi kékeré sábẹ́ orí hámà kó lè ríbi tẹ̀ lé, tó ń fa ìṣó jáde díẹ̀díẹ̀ kí igi má baà là. Èmi kọ́ ni mo kọ́ ọ. Èyí tó bá jáde tààrà, á jù ú sínú agolo mílíìkì. Èyí tó bá tẹ̀, á gbé e lé òkúta, á lù ú kó nà. (Ìṣó àlòkù kì í ṣe fún òrùlé o. Ilé adìẹ màmá ni mo kàn án sí.) Nígbà tí wọ́n ṣe tán, igi tó wà nílẹ̀ tó yàrá màmá àti ọ̀dẹ̀dẹ̀ rẹ̀. Èmi àti ọmọ iṣẹ́ mi la gun òkè, àwọn ń na igi sí wa láti ìsàlẹ̀, irin la sì fi dè é mọ́ ògiri. Ìjì ti jà lẹ́yìn ìyẹn. Òrùlé náà wà níbẹ̀.

Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi tó kàwé ní Amẹ́ríkà ló jẹ́ kí n mọ̀ pé wọ́n ti ń ṣe irú èyí lọ́hùn-ún tipẹ́. Ní ọjọ́ 29 oṣù Kẹjọ ọdún 2005, ìjì tí wọ́n pè ní Katrina jà ní gúúsù ilẹ̀ wọn, ògiri tí wọ́n fi ń dènà omi ní New Orleans ya, omi sì bo nǹkan bí ìdá 80 nínú ọgọ́rùn-ún ìlú náà. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wọn máa ń gba ìsinmi ọ̀sẹ̀ kan bí oṣù Kẹta, nígbà tí òtútù bá ń rọlẹ̀; etíkun ni ọ̀pọ̀ ń lọ ṣe fàájì. Lọ́dún 2006, ẹgbẹẹgbẹ̀rún wọn kọrí sí New Orleans. Omi ti fà, àmọ́ ara ògiri ti bu káàkiri. Wọ́n fi nǹkan bo imú, wọ́n ń já pátákó ògiri tó ti rà títí ó fi ku òpó igi nìkan, wọ́n ń gbé fíríìjì tí oúnjẹ ti jẹrà sí nínú síta. Oṣù méje lẹ́yìn ìjì nìyẹn. Oṣù méje yẹn gan-an ni ọ̀rọ̀ mi dá lé. Lọ́dọ̀ tiwa, ta ló ń rántí ẹni tí ìjì ṣí ilé rẹ̀ lẹ́yìn oṣù méje?

Ẹ wo Mokwa ní ìpínlẹ̀ Niger náà. Bí ènìyàn bá ti sọdá odò Ọya ní Jẹ́bà, kò jìnnà mọ́. Ibẹ̀ ni ìyàwó mi ti ń ra ẹ̀wà tó ń tà. Òjò tó rọ̀ mọ́jú ọjọ́ 29 oṣù Karùn-ún ọdún 2025 gbá ilé lọ ní Tiffin Maza àti Anguwan Hausawa, àwọn aláṣẹ sì ní àwọn tó kú lé ní 200. Lọ́jọ́ wọ̀nyẹn, gbogbo ènìyàn ló ń sọ̀rọ̀ Mokwa. Nígbà tí ọdún ń parí lọ, oníbàárà ìyàwó mi sọ fún un lórí fóònù pé ẹrẹ̀ ṣì wà nínú yàrá òun, òun ò rí ẹni bá òun kó o. Ṣọ́bìrì ni iṣẹ́ yẹn ń fẹ́, kò fẹ́ ìwé-ẹ̀rí.

Àwọn ẹlẹgbẹ́ mi kan ní bí akẹ́kọ̀ọ́ bá ń ṣiṣẹ́ ọ̀fẹ́, ebi á pa àwa oníṣẹ́ ọwọ́. Mo bi wọ́n léèrè pé ta ló ń sanwó ìṣó yíyọ fún wọn. Wọn ò fèsì. Kí akẹ́kọ̀ọ́ má ṣá ti gba hámà lọ́wọ́ káfíńtà: kí wọ́n ru bulọ́ọ̀kù, kí wọ́n kó ẹrẹ̀, kí wọ́n ṣa páànù tó fọ́n ká kó má baà gé ọmọ ẹlòmíràn lẹ́sẹ̀. Owó tí wọ́n bá fẹ́ fi ṣe ẹ̀wù ẹgbẹ́, kí wọ́n fi ra irin tí a ó fi de òrùlé.

Nítorí náà, Olóòtú, ẹ bá mi sọ fún àwọn olùkọ́ tó ń ṣètò irú ìrìn-àjò báyìí pé kí wọ́n jẹ́ kí ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ kọjá. Kí wọ́n wá rí baálẹ̀ tàbí ọba ìlú kí wọ́n tó kó ọmọ ẹni kankan wọkọ̀. Bàtà tó nípọn ni kí wọ́n wọ̀, kí wọ́n gbé oúnjẹ tiwọn dání, nítorí àwọn tí wọ́n ń bọ̀ wá ràn lọ́wọ́ kò ní ìkòkò tó lè se oúnjẹ fún ọkọ̀ kan. Kí wọ́n sì mú hámà tó ní ìyọ̀ṣó wá láti ilé. Tèmi kì í kúrò lọ́wọ́ mi.

Èmi ni,
Káfíńtà kan ní Òmù-Àrán